Igi Tí Bàbá Mi Fi Ń Mọ Gábàsì

Ọmọ Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn ni mí. Kí n tó pé ọmọ ogún ọdún, omi tí mo mọ̀ kò ju omi ẹ̀rọ àti odò Ògùnpa lọ. Ògùnpa náà lè gbé ewúrẹ́ ẹni lọ lọ́jọ́ tí inú bá bí i, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé á tún máa fẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé n ó sùn lórí omi, tí atẹ́gùn á máa mì mí bí ẹni ń ku èlùbọ́, n bá ní onítọ̀hún ń ṣépè fún mi ni.

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni. Awakọ̀ lọ́rì kan ló jẹ́ iṣẹ́ dé agbo ilé wa pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń ṣàìsàn, pé àìsàn náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dìde níbẹ̀, àti pé ó ní kí wọ́n sọ fún àbúrò òun kó máa bọ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sà àti òkun. Ìyá Etí-Ọ̀sà là ń pè é nílé, nígbà tí bàbá mi kò bá sí nítòsí. Bí bàbá mi bá wà níbẹ̀, a kì í pè é rárá.

Ìjà wọn ti wà kí n tó gbọ́n. Apẹja kan ni ẹ̀gbọ́n fẹ́, ọkùnrin tí kì í kírun, tí kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ. Bàbá mi ni ọkùnrin tó kù nílé wọn. Ó dúró níṣojú gbogbo agbo ilé, ó ní òun kò ní tẹ ilé ẹ̀gbọ́n òun láéláé, pé bó bá kú, kí wọ́n má ránṣẹ́ sí òun. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà ló sọ ọ́ sí o. Ìyá wọn kú nígbà tí bàbá mi ṣì ń rákò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló sì ti mọ̀ pé ayé wà.

Ọnà ni bàbá mi ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ sí ọrùn agbádá, iṣẹ́ tí àwọn olówó Ìbàdàn ń bẹ̀ ẹ́ fún. Nígbà tí awakọ̀ lọ́rì jẹ́ iṣẹ́ yẹn, ojú rẹ̀ ti fọ́ tán. Abẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ́, àwọn ìyàwó ilé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ báyìí, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, 'Mo ti forí jì ọ́.' Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá kú láìsọ ọ́, òun ò mọ ojú tí òun ó fi wo Ọlọ́run. Ó wà lẹ́nu mi láti béèrè pé ojú wo, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ẹ má bínú, inú mi ò dùn nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí ìyá tó ń kọ́ mi ní aṣọ rírán l'Ọ́jà'ba tú mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti rán bùbá tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni obìnrin tí kò tíì lọ ilé ọkọ nínú àwọn ọmọ bàbá mi, èmi ló ń fà á lọ́pàá, èmi ni wọ́n ní kó bá a lọ. Mo dì í sínú láti Ìbàdàn.

Lọ́rì gbé wa dé Ìjẹ̀bú, òmíràn gbé wa dé Ẹ̀pẹ́. Létí omi níbẹ̀, a bá ọkọ̀ kan tó ń kó iyọ̀ àti kẹrosíìnì lọ sí àwọn abúlé apá ibẹ̀. Ọkọ̀ onígi gbọọrọ ni, wọ́n ri òpó kan mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n sì ta ìgbòkun mọ́ òpó náà, aṣọ tí wọ́n ti lẹ̀ títí tí n ò fi mọ èwo ni aṣọ, èwo ni àbùlẹ̀. Aránṣọ ni mí, ibẹ̀ lojú mi kọ́kọ́ lọ. Mo rí ibi tí wọ́n ti fi òwú àwọ̀n rán an, tí ìránṣọ náà ti ń là lọ díẹ̀díẹ̀.

Atukọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó ní ọmọṣẹ́ méjì. Ó ní bí atẹ́gùn bá ṣe wá dáadáa, kí ilẹ̀ tó ṣú a ó ti débẹ̀.

Atẹ́gùn ò ṣe wá dáadáa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀run apá òkun ti dúdú, àwọn ẹyẹ tó ń tẹ̀lé wa bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ò sí mọ́. Atukọ̀ dákẹ́ àwàdà. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, nítorí kò tíì dákẹ́ láti àárọ̀. Ó ká ìgbòkun, ó darí ọkọ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀ lápá òkun, kí ilẹ̀ lè bá wa dí atẹ́gùn díẹ̀. A bá ọkọ̀ méjì níbẹ̀ tí wọ́n ti sá wá ṣáájú wa. Ó sọ ìdákọ̀ró sómi, irin ńlá ẹlẹ́nu ìkọ́ tí wọ́n so okùn mọ́, pé kó lọ di ilẹ̀ mú kí atẹ́gùn má gbé wa lọ.

'Ó di ìgbà tó bá rọlẹ̀,' ló wí.

Bàbá mi bi í pé ìgbà wo nìyẹn.

'Bàbá, omi kì í dá ọjọ́ fún ènìyàn.'

'Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ò lọ́jọ́ púpọ̀ mọ́.'

'Bí a bá ṣí kúrò níbí báyìí, àwa gan-an ò lọ́jọ́ púpọ̀,' ni atukọ̀ dá a lóhùn. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, ó kàn sọ ọ́ ni.

Nígbà tí ó tó àkókò ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, bàbá mi ní kí n bu omi fún òun kí òun ṣe àlùwàlá. Ó ṣe é tán, ó dìde, ó di òpó mú, ó ní, 'Gábàsì dà?' Gábàsì ni apá ìlà-oòrùn tí àwa mùsùlùmí ń kọjú sí bí a bá ń kírun. Ní Bẹ́yẹrúnkà kò sí wàhálà nínú ìyẹn, ògiri mọ́ṣáláṣí ò rìn rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n dá ró ń yí bí atẹ́gùn ṣe ń tì í, oòrùn sì ti sá wọlé. Mo bi atukọ̀. Ó nawọ́ sí igi ńlá kan létí ilẹ̀, igi tí àrá ti sán, tí kò ní ewé kan lórí. Ó ní apá ibẹ̀ gan-an ni oòrùn ti ń yọ. Mo di bàbá mi léjìká mú, mo yí i sí igi náà, ó sì kírun tirẹ̀. Nígbà tó di Alásàrì, ìrun ìrọ̀lẹ́, kó tó dìde, ó bi mí pé, 'Igi yẹn ṣì wà níbi tó wà?' Mo wò ó dáadáa. Ọkọ̀ ti yí díẹ̀, mo yí òun náà díẹ̀.

Àwọn ọmọṣẹ́ ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, 'Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ìjà ìgboro lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìjà omi. Ṣé igi máa ń rìn ni?'

Atukọ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí Bàbá ń béèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo wa máa béèrè. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń yí lójú kan, igi náà ò ní jìnnà sí wa ju bó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ìdákọ̀ró ti tú nìyẹn, atẹ́gùn ti ń wọ́ wa lọ sáàárín ọ̀sà. Ó kọjú sí mi. 'Omidan, bí o ṣe ń wò ó fún Bàbá, máa bá wa wò ó. Bó bá ti ń kéré, ké sí mi. Bí mo bá ń sùn, fẹsẹ̀ ta mí.'

Mo ní mo ti gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ kékeré kan gba iwájú wa kọjá lórí omi. Ó ti dojú dé. Igbá kan tí wọ́n so mọ́ ọn ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ènìyàn kankan nítòsí. Àwọn atukọ̀ wò ó títí ó fi wọnú òkùnkùn, kò sí ẹni tó sọ nǹkan. Bàbá mi béèrè pé kí ló dé tí gbogbo wa dákẹ́. Mo ní kò sí nǹkan.

Atẹ́gùn ò sùn lóru. Okùn ìdákọ̀ró ń dún kíì, kíì, omi ń bù wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ́n ọn jáde. Mo bì títí tí kò fi sí ohun tó kù láti bì. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, n ò ṣe ènìyàn mọ́. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀, kùrukùru bo ojú omi. Mo fi àpò iyọ̀ kan ṣe ìrọ̀rí, mo fa tápólì bo ara mi lórí, mo ní kí ẹni tó bá máa kú kú.

Bàbá mi fẹ́ kírun Àsùbáà. Ó ní, 'Igi ńkọ́?'

Mo ní, 'Ó wà níbẹ̀.'

N ò ṣí ojú. Mo na ọwọ́ jáde lábẹ́ tápólì, mo fa aṣọ rẹ̀, mo yí i sí ìdí ọkọ̀, níbi tí igi wà lánàá. Ó kírun, ó sì jókòó ti tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Nígbà tó di Àìlà, ó tún béèrè, mo tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró díẹ̀, ó gbé orí sápá kan bí ẹni ń fetí sí nǹkan. Mo rí i, nítorí mo ti ń yọjú pé kó tètè ṣe é tán kí n rí àyè sùn. Ó ní, 'Ṣé o wò ó dáadáa?'

Inú bí mi. Mo ní, 'Bàbá, mo ní ó wà níbẹ̀. Ṣé igi máa ń rìn ni?' Ọ̀rọ̀ tí ọmọṣẹ́ fi bú wa lánàá ni mo kó dá bàbá mi lóhùn.

Ó kírun tirẹ̀. Láti iwájú ọkọ̀, atukọ̀ tó ti ń gbọ́n omi láti òru, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n kankan, tí kò ráyè gbójú sókè, ké sí wa: 'Bàbá, igi yẹn ńkọ́ o?'

Bàbá mi ló dá a lóhùn, èmi kọ́. Ó ní, 'Ọmọ mi ní ó wà níbẹ̀.'

Atukọ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ní Alásàrì, mo tún purọ́ kẹta. Òun ló rọrùn jù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni nǹkan gbá ìdí ọkọ̀ gbàá. Mo ká tápólì kúrò lórí. Kò sí igi. Kò sí ilẹ̀ pàápàá, àfi ìlà dúdú tín-ín-rín kan lókèèrè. A ti wà láàárín ọ̀sà, láàárín igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi há ẹja, omi sì ń gbé wa sókè, ó ń jù wá lù wọ́n. Ìgbà kẹta tí ó jù wá, ìtọ́kọ̀, igi tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, kán sómi. Mo rọ̀ mọ́ bàbá mi, mo ń ké pe Ọlọ́run. Òun ò ké. Ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ètè rẹ̀ ń mì. Ìdákọ̀ró ló gbà wá nígbẹ̀yìn, ó há mọ́ àwọn igi apẹja náà, ọkọ̀ sì dúró.

Atukọ̀ dìde, ó wo ibi tó yẹ kí igi wà. Ó wò mí, ó wo bàbá mi. Kò bú mi, kò sì nà mí. Ó ní kí n bọ́ sápá kan kí òun ráyè kọjá.

Atẹ́gùn rọlẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, a rí ọkọ̀ méjì yẹn lókèèrè réré, lẹ́bàá ilẹ̀, wọ́n ti ta ìgbòkun, wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ bọ́ aṣọ, wọ́n ń jù ú, wọ́n ń pariwo. Àwọn ará ọkọ̀ méjì náà rò pé à ń kí àwọn ni, àwọn náà ju aṣọ sí wa, wọ́n bá tiwọn lọ. Bàbá mi bi mí pé ta ni wọ́n ń ké sí. Mo ní àwọn ọkọ̀ méjì ìjẹta ni, wọ́n ń lọ. Ó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀, 'Wọ́n ń lọ.' Gbogbo ọjọ́ yẹn ni atukọ̀ àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi gbẹ́ ìtọ́kọ̀ mìíràn lára igi apẹja, lórí omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí bí ẹni pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gúnlẹ̀. Arúgbó ọkùnrin kan ti dúró lórí yanrìn. Òun ni apẹja náà, ọkọ ẹ̀gbọ́n. Ó di ọwọ́ kejì bàbá mi mú, ó mú un jókòó sórí ọkọ̀ kan tó dojú dé, kó tó sọ ọ́. Ó ní àná ni ẹ̀gbọ́n jáde láyé, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ méjì gúnlẹ̀ láàárọ̀ àná, tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin létí omi, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó béèrè bóyá ohùn ará Ìbàdàn wà nínú wọn. Wọ́n ní kò tíì dé. Ó ní kò burú, òun á dúró dè é.

Ọkùnrin tí kì í kírun yìí ló wa ọkọ̀ lọ sí abúlé kejì lọ wá àlùfáà, kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára. Ó mú wa dé ojú oórì náà. Ó ní, 'Mo ní kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.'

Bàbá mi kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí oórì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, bó ṣe máa ń wá ọnà lára agbádá lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ fọ́. Ó béèrè pé, 'Ṣé ó sọ nǹkan kan nípa mi?'

Arúgbó náà ní, 'Mo bi í. Ó ní ẹnu òun lẹ ó ti gbọ́ ọ.'

A padà sí Ìbàdàn. Wọ́n tú mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ bùbá náà, mo lọ ilé ọkọ, mo bímọ méjì. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní atẹ́gùn ni kò jẹ́ kí a tètè dé, n ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kan péré ló kù kí a bá a, ọjọ́ tí irọ́ mi jẹ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí.

Ọdún bíi mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo lọ wo bàbá mi ní Bẹ́yẹrúnkà, ìjì sì ká mi mọ́bẹ̀. Ìjì náà le. Ó ń ṣí páànù láti agbo ilé wa dé ìsàlẹ̀ Mápó, a ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń já, tí wọ́n ń wọ́ lọ lórí ara wọn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ẹ̀yìn tì í, bàbá mi jókòó lórí ẹní rẹ̀. Bóyá ẹ̀rù ló là mí lẹ́nu. Mo ní, 'Bàbá, igi ọjọ́ yẹn, n ò wò ó. Ìgbà mẹ́ta ni mo purọ́ fún yín.'

Ó ní, 'Mo mọ̀.'

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

'Tí mo bá kọjú sí gábàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òkun ń hó lápá ọ̀tún mi. Nígbà tó di Àsùbáà ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti ń jìnnà. Nígbà tó di Àìlà, ẹ̀yìn mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di.'

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ, nígbà tí atukọ̀ bi í.

Ó ní, 'Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti ń rò ó láti ilé pé tí mo bá débẹ̀, tó bá ní òun ò forí jì mí ńkọ́? Mo ní kí atẹ́gùn bá mi fi ọjọ́ kan kún un, kí n rí ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Ọjọ́ kan péré. Nígbà tí atukọ̀ béèrè, ìwọ ni mo nawọ́ sí.'

Mo sunkún gan-an lọ́jọ́ yẹn, n ò sì mọ èyí tí mo ń sun nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà ó ní Alásàrì ti tó, kí n bu omi wá. Ó ṣe àlùwàlá. Nínú yàrá tó ti ń kírun kí wọ́n tó bí mi, ó dìde, ó dúró, ó ní, 'Gábàsì dà?' Mo dìde, mo ṣí fèrèsé díẹ̀ nínú ìjì náà, mo wo ògiri mọ́ṣáláṣí dáadáa, kí n tó di èjìká rẹ̀ mú yí i.

Ó ní, 'Ìrun mẹ́ta tí mo kọjú síbòmíràn kí lọ́jọ́ yẹn, mo ti tún wọn kí, mo ti san án kí a tó kúrò létí omi. Gbèsè ti ẹ̀gbọ́n mi ni n ò mọ ibi tí n ó kọjú sí san án.'

Ó gbé ọwọ́ sétí, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun.